Wàláà Tí Omi Ìrà Lẹ̀ Pọ̀

Irọ́ ni wọ́n ń pa. Gbogbo Òkèlele ló ń sọ ọ́ pé èmi Husseinat fi àtè dí ìyá ọkọ ọmọ mi lẹ́nu lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni pé kí n fi díẹ̀ kún un. N kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu o. Obìnrin yẹn ló na ọwọ́ gba igbá, òun ló gbé e sẹ́nu, òun náà ló gbé e mì. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá fẹ́ bu omi mọ́ ọn máa bu ú lójú mi.

Amọ̀kòkò ni mí. Ìyá mi mọ ìkòkò, ìyá tó bí ìyá mi mọ ìkòkò, amọ̀ Òkèlele ò sì kúrò lábẹ́ èékánná mi láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Sàlíhù ọkọ mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó ń ṣe àpótí, ṣùgbọ́n wàláà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ Kùránì. Kò sí ilé kéwú tí ẹ máa yà sí ní Ìlọrin nígbà náà tí ẹ ò ní rí wàláà Sàlíhù lọ́wọ́ ọmọ kan. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, àmọ́ olóríkunkun ni, kò sì fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé nígbà tí Ọlọ́run ń pín ọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n kó tiwa méjèèjì fún.

Safiyat nìkan ni ọmọbìnrin tí a ní. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka Fátíà lọ́dọ̀ Àáfà Abdulmumini, tí ahọ́n rẹ̀ ò tíì yí dáadáa, bàbá rẹ̀ gbé e lé itan, ó ní, "Lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ, wàláà tí màá gbẹ́ fún ọ, fífẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ilẹ̀kùn." Èmi rò pé ó ń bá ọmọ ṣeré ni. Ọmọbìnrin tó bá ka Kùránì tán nílùú wa, ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ ni wọ́n ń ṣe wòlímọ̀ rẹ̀, tí yóò jókòó láàárín èrò, tí yóò ka ohun tí wọ́n kọ sójú wàláà. Tó bá kà á tán, àáfà á da omi sí wàláà náà, á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbe omi dúdú yẹn sínú igbá. Hàǹtú nìyẹn. Ìyàwó á mu níbẹ̀, ọkọ á mu, àwọn òbí á mu, tẹbí tará á pín nínú àlùbáríkà rẹ̀. Lójú Sàlíhù, wàláà ọjọ́ náà ju gbogbo ẹrù ìyàwó lọ.

Igi ọ̀gánwó kan wà lóko bàbá rẹ̀ ní Òkè-Oyì tó ti ń tọ́jú fún un. Tó bá lọ sóko, á lọ fi ọwọ́ gbá a lára bí ẹni ń kí ẹbí. Ìgbà tí rélùwéè dé, tí gbogbo wa ń sáré lọ wo ọkọ̀ tó ń yọ èéfín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé oko ta igi náà fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ń wá pákó kiri. Sàlíhù dé ibẹ̀ tòun ti àáké, kùkùté ló bá, àti ẹ̀ka díẹ̀ tí wọn ò rí kó. Ó la àwọn ẹ̀ka náà, pákó tóóró mẹ́ta ló rí nínú rẹ̀. Ó rù wọ́n wálé, ó kó wọn ti ògiri, kò sì jẹun.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n tí àánú bá ń ṣe mí, ariwo ni mo máa ń pa. "Bàbá Safiyat, ẹ kan wọ́n pọ̀ kí ẹ wá jẹun," ni mo wí.

"Pákó wàláà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìṣó á là á."

"Ìṣó kékeré ńkọ́?"

"Ìṣó á dógùn-ún. Omi rẹ̀ lèèyàn fẹ́ mu."

Orí ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Asabe fi wọlé. Asabe ni ìyá Garba, ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Safiyat. Kánò ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àdúgbò Gàńbàrí níbí ni wọ́n bí òun sí, obì ló ń tà, Yorùbá rẹ̀ sì já geere ju tèmi lọ tó bá di ká bú ènìyàn. Kò sí ohun tí Asabe máa rí tí kò ní fi ẹnu kàn. Tí ẹ bá gbé omi fún un, á ní ó tutù jù. Ẹ gbé òmíràn wá, á ní ta ló lọ sè é.

Ó wo pákó mẹ́ta yẹn, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìyá Safiyat, èyí tí ẹ fẹ́ tò pọ̀ yìí ni àáfà máa da omi sí? Tó bá wá tú lójú èrò ńkọ́? Kí ni wọ́n á máa sọ nípa ìgbéyàwó ọmọ mi?"

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ló sọ. Wàláà tó bá tú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nílùú Ìlọrin yìí, títí tọkọtìyàwó yẹn á fi hu ewú ni wọ́n á máa fi tọ́ka sí wọn. Tí wọ́n bá bá ara wọn jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n á ní ẹ ò rí i, ọjọ́ wòlímọ̀ wọn ló ti tú.

Asabe ní ká má dààmú, òun ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí òun ní Kánò. Odidi wàláà ni, igi kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e bọ̀. Ó rò pé oore lòun ń ṣe wá. Mo wo ojú ọkọ mi. Ọkùnrin tó gbẹ́ wàláà fún gbogbo ọmọ ìlú, ti ẹlòmíràn ni ọmọ tirẹ̀ máa fi ka Kùránì. Ó dùn mí dé egungun.

"Ẹ fún mi di ọjọ́ Àlàrùbá," Sàlíhù wí. "Tí wàláà mi ò bá tíì lè fara da omi nígbà yẹn, kí Safiyat fi ti Kánò kà á ní Àlàmísì, ọjọ́ ìgbéyàwó." Asabe gbà. Àdéhùn nìyẹn, Àáfà Abdulmumini ló sì ṣe ẹlẹ́rìí.

Ọkọ mi kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ awọ, ó gba àtè tí wọ́n ń sè lára awọ màlúù. Ó gbé e kaná lẹ́yìn ilé mi. Ẹ gbà mí, òórùn yẹn. Àwọn tó wá ra ìkòkò lọ́wọ́ mi ń fi aṣọ bo imú dúnàá-dúrà. "Bàbá Safiyat," ni mo wí, "ṣé wàláà lẹ fẹ́ ṣe ni àbí pọ̀nmọ́?" Ó fi lẹ pákó náà pọ̀, ó sì lẹ̀ lóòótọ́, ó dúró gbagidi. Ó ránṣẹ́ pe Àáfà kí wọ́n wá wò ó. Ìgbà tó da omi sí i, àtè náà kọ́kọ́ ń yọ̀, ó wá ń fà bí ilá, ká tó mọ̀, pákó kọ̀ọ̀kan ti bá tirẹ̀ lọ nínú tásà.

Àáfà kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n kàn bi í pé, "Sàlíhù, awọ màlúù wo ni? Ta ló dúńbú rẹ̀?" Ọkọ mi ní àjákù awọ ni wọ́n ń dà pọ̀ sè, òun ò mọ̀. Àáfà mi orí. "Tó bá jẹ́ ti òkúǹbete, ẹran tí wọn ò dúńbú, wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá tiẹ̀ tú, n kò ní lè gbé omi tó kàn án fún ẹnikẹ́ni mu." Bí ọ̀ràn awọ ṣe tán nìyẹn. Ó tún gbìyànjú oje igi, omi fọ ìyẹn náà lọ. Ọjọ́ ń lọ, ọkọ mi ń rù. Mo wá ń bá a jà nítorí gbogbo nǹkan, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè bá a ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìrà wàyí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìkòkò, dídán rẹ̀ lẹ rí, ẹ ò bèèrè ohun tó mú un dán. Igi kékeré kan tó ní ẹ̀gún ni ìrà, ó pọ̀ nínú igbó ọ̀nà Fate. Èèpo rẹ̀ la máa ń bó, a ó rẹ ẹ́, a ó sè é títí omi rẹ̀ á fi pọ́n tí á sì dúdú. Tí ìkòkò bá ti ń jáde nínú iná, tó ṣì pọ́n yòò, a ó fi ewé wọ́n omi ìrà sí i lára, á dún ṣáá, gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á dí. Ìkòkò tí kò bá mu ìrà, tí ẹ bá pọnmi sí i, ilẹ̀ ni omi yẹn ń lọ. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti kékeré nìyí. Èmi tí mo ń fi ìrà dínà omi lójoojúmọ́ ayé mi, n kò ronú kan wàláà rárá. Ìkòkò ni ìkòkò lójú mi, igi ni igi.

Ọjọ́ kan, mo ń sun ìkòkò. Ìrà mi ti pẹ́ lórí iná torí èmi àti obìnrin kan ń fa ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó, ó ti ki bí oyin. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣà kékeré tí Safiyat se tàdáà rẹ̀ sí, omi dúdú tí wọ́n fi ń kọ wàláà. Èèpo igi ni tàdáà náà, bó ṣe dúdú ni tèmi ṣe dúdú. Safiyat jókòó nítòsí iná pẹ̀lú wàláà kékeré méjì, ó ní ẹ̀kọ́ lòun ń tún kọ. Inú mi ń dùn pé ọmọ mi ń múra sí ẹ̀kọ́.

Kò pẹ́ ni Garba dé, ó ti Malete bọ̀, ó ra wàrà wá fún wa. Bó ṣe ní "Ẹ ǹlẹ́ níbí" ni Safiyat pa wàláà méjèèjì dé, ojú sí ojú, ló bá jókòó lé wọn. Mo ní, "Safiyat, iná ti sún mọ́ ọ jù, kúrò níbẹ̀." Kò kúrò. Garba kí mi, ó kí mi tán, ó tún kí mi. Ó bèèrè ìkòkò, ó bèèrè amọ̀, ó bèèrè gbogbo ohun tí kò kàn án, ojú rẹ̀ ò sì kúrò níbi tí kò yẹ kó wà. Ọmọ mi jókòó bí ọba, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kò mira. Ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn lọ tán ni Safiyat tó dìde, ló bá fẹ́ ṣí wàláà. Wàláà ò ṣí.

Ó fà á, ó tì í, kò ṣí. Bàbá rẹ̀ jáde sí wa, ó gbà á, ó fi ọ̀bẹ sí i létí, ọ̀bẹ ò ráyè wọlé. "Kí lo fi kọ ọ́?" ló bi í.

"Tàdáà ni, Bàbá."

Mo bojú wo ìṣà tàdáà, ó kún dé ẹnu, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án. Kálàmù tó fi ń kọ̀wé rèé nínú ìrà mi. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nítorí ìrà mi nígbà tí mo rí ojú Sàlíhù tó yí padà.

"Safiyat," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "o jókòó lé e. Súrà wo lo kọ síbẹ̀?"

N kò tiẹ̀ rò ó débẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ ní Àlàmísì, ó jókòó lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó fi ìdí yan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Kì í ṣe súrà, Bàbá," Safiyat wí.

"Kí wá ni?"

Ó fi ìborùn bo ojú. "Orúkọ ni."

"Orúkọ ta ni?"

Kò fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá sọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló máa gbé rù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú ìborùn yẹn, "Garba ni."

"Nínú wàláà méjèèjì?"

"Ó kún méjèèjì."

Láti ọjọ́ tí ọ̀gánwó yẹn ti lọ, n kò gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu ọkọ mi mọ́. Ọjọ́ yẹn ló rín in. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, omi ń dà lójú rẹ̀, èmi náà bá a rín in, Safiyat sá wọ inú ilé. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín náà ló ti nawọ́ sí wàláà. Ó gbé wàláà méjèèjì sókè, ó ń wo etí wọn níbi tí ìrà ti gbẹ dúdú sí. Ó ju wọ́n sínú tásà, ó da omi bò wọ́n. Ilẹ̀ mọ́, a yọ wọ́n, wọn ò tú. Ó gbá wọn mọ́ òkúta, wọn ò tú.

"Èèpo igi ni, àbí?" ló bi mí.

"Èèpo igi lásán ni. Àwọn arúgbó ń sè é mu tí inú bá ń run wọ́n."

"Hàlálì ni," ó wí, ó sì ti ń lọ kó pákó rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀ o. Ó kun ìrà mi sí etí pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi okùn dì wọ́n gírígírí, ó fi èèkàn igi há abẹ́ okùn náà kó lè fún. Ó gbé e sínú ilé, níbi tó tutù, bí ẹni tẹ́ ọmọ sùn. Ọjọ́ kejì tó tú okùn, pákó tú. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Ìyẹn ló bí mi nínú jù, torí ọ̀la gan-an ni Àlàrùbá, ìrètí sì ti wọ inú mi, n kò sì fẹ́ kó jáde mọ́.

Mo dúró tì í, mo ń sọ̀rọ̀ nìṣó. Mo ní ọmọ rẹ̀ fi ìdí lásán lẹ wàláà tirẹ̀, òun gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi okùn àti èèkàn ṣe é, kò lẹ̀. Mo ní bóyá kí a lọ pe Safiyat kó wá jókòó lé e. Mo ní ọmọ tí mo tiẹ̀ ń pariwo sí pé kó kúrò níbi iná. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu mi. Sàlíhù gbé ojú sókè. Àwa méjèèjì wo ara wa.

"Iná," ni mo wí.

Mo ní ìkòkò tútù nílẹ̀ tó ti gbẹ. N kò dúró de ọjọ́ ọjà, mo tò wọ́n, mo kó koríko àti igi bò wọ́n, mo ṣáná sí i. Mo tún se ìrà títí ó fi ki. Sàlíhù kùn ún, ó dì í, ó fún un, ó wá fẹ́ gbé e sún mọ́ iná. Mo ní kó fún mi. Ọwọ́ ni àwa amọ̀kòkò fi ń mọ iná. Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i, ibi tó ti ń ta mí, mo sún sẹ́yìn, ibi tí ọwọ́ mi ti lè fara dà á, ibẹ̀ ni mo gbé wàláà tì. Tí iná bá rọ̀, mo gbé e sún mọ́ ọn, tó bá le, mo fà á sẹ́yìn. Sàlíhù jókòó tì mí, ó ń fi ewé lé èéfín lójú mi. Ọdún tí a ti fẹ́ra wa tó báyẹn, a ò tíì ṣe iṣẹ́ kan pọ̀ rí, ó ń gbẹ́gi, mo ń mọ amọ̀. Mo rò ó lọ́kàn, inú mi sì dùn gan-an.

Ní Àlàrùbá, Asabe dé, ó gbé wàláà Kánò lọ́wọ́, ó fi aṣọ funfun wé e. Ó bá tiwa nínú tásà, omi bò ó mọ́lẹ̀, Sàlíhù jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹja. Asabe ki ọwọ́ bọ omi, ó fọwọ́ tẹ ojú ìlẹ̀ náà, níbi tí pákó ti pàdé ara wọn, ó tún un tẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Ẹ fi ka Kùránì. Àmọ́ màá gbé tèmi dání." Èmi fẹ́ dá a lóhùn, ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹ̀rù ṣì ń ba Sàlíhù. Nígbà tí Asabe lọ tán, tí àáfà tó máa kọ̀wé sí wàláà kò tíì dé, ó tún lọ bu ìrà, ó kùn ún nípọn sí ojú ìlẹ̀ náà láti ẹ̀yìn, kò sì gbé èyí sún mọ́ iná. Kò sọ fún mi. Tó bá sọ fún mi ni, mi ò ní ní ìtàn tí mò ń sọ yìí.

Àlàmísì pé. Ẹ wo èrò. Àwọn Gàńbàrí wá, Òkèlele wá, wọ́n ń yan mọ́sà nínú ọgbà, Safiyat wọ aṣọ funfun, wàláà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀ débi pé ọmọ méjì ló bá a dì í mú. Ọmọ mi ṣí ẹnu. Èmi tí mò ń gbọ́ ohùn yẹn lójoojúmọ́ tó ń bèèrè oúnjẹ, n kò mọ̀ pé ó lè dùn báyẹn. Sàlíhù dúró lẹ́yìn pátápátá, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kì í ṣe ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò, ojú ìlẹ̀ wàláà náà ló ń wò.

Safiyat kà á tán. Àáfà Abdulmumini ní bísímílà, wọ́n gbé bùtá, wọ́n ń da omi. Tàdáà ń ṣàn sílẹ̀ sínú igbá, Àáfà ń fọwọ́ fọ̀ ọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lókè, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò tú. Mo ti fẹ́ mí, Asabe dìde. Ó gba wàláà lọ́wọ́ Àáfà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú létí, ó gbé e lé orúnkún, ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ igi ìdáná. Ó sinmi, ó tún un tẹ̀. N kò lè wo ojú ọkọ mi.

"Ìyá, ó ti tó," Garba wí.

Kò tú. Asabe gbé e sókè, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó ń wá ohun tó máa sọ. N kò tíì rí i rí tó ń wá ọ̀rọ̀. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó na ọwọ́ gba igbá hàǹtú kí ìyàwó tó mu, kí ọkọ tó mu, ó gbé e dà sọ́nà ọ̀fun.

Ẹni tó bá ti fi ahọ́n kan ìrà rí mọ bó ṣe máa ń ṣe. Kò korò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ẹnu pọ̀, àfi bí ẹni jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ní tútù. Èyí tí Sàlíhù kùn sẹ́yìn láìyan án lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ti ṣàn sínú igbá. Ètè Asabe kọ́kọ́ fún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ wá ń yí. Ó nawọ́ sí wàláà, ó nawọ́ sí igbá, ó nawọ́ sí mi. Ẹnu rẹ̀ ò ṣí.

"Ìyá Garba, ẹ wí nǹkan," ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn.

Kò wí. Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ibi tí wọ́n ti ń yan mọ́sà, ó sì ń bọ̀. Àáfà fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí, wọ́n ní, "Àlùbáríkà ti wọ̀ ọ́ lára ni." Ni gbogbo ọgbà bá bú sẹ́rìn-ín, Garba ń rín, Safiyat ń rín lábẹ́ ìborùn rẹ̀, wọ́n sì mu tiwọn pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹnu tiwọn náà fún. Ìgbà tí ètè Asabe tó là, ọ̀rọ̀ kan péré ló jáde. "Kò tú," ó wí. Ó lọ sẹ́yìn, ó lọ bá Sàlíhù níbi ògiri, ó tún un sọ fún un, "Àna mi, kò tú." Ọkọ mi fi etí aṣọ nu ojú. Èmi ní tèmi ò tiẹ̀ nu tèmi, mo jẹ́ kó máa dà.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ rí ibi tí mo ti fọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni?

Ó ku díẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn le, ó ń la ètè, ó ń la gìgísẹ̀. Oyún Safiyat ti yọ nígbà yẹn. Mo wà níbi iṣẹ́ mi tí Asabe wọlé, kò kí mi bó ṣe máa ń kí mi, ó mú nǹkan kan mọ́ abẹ́ ìborùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú un jáde. Wàláà Kánò ni, odidi igi kan ṣoṣo tí kò ní oríkèé. Ọyẹ́ ti là á láti orí dé ìdí.

"Ti ọmọ-ọmọ wa ni mo tọ́jú rẹ̀ fún," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Gàńbàrí." Òun fúnra rẹ̀ ló padà ń sọ ọ́ kiri lónìí, tó ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, kí ẹ má bàa rò pé èmi ni mo tú àṣírí.

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo ní lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn pọ̀. Láti ọjọ́ tó ti fọwọ́ lé ìbàdí níwájú pákó ọkọ mi ni mo ti ń kó wọn jọ, mo ti tò wọ́n, mo mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe di pákó méjèèjì mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Sàlíhù ṣe di tirẹ̀ lọ́jọ́ tó ti Òkè-Oyì bọ̀. Mo gba wàláà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa àpótí fún un kó jókòó, mo gbé èèpo ìrà kaná. Ọjọ́ yẹn, ẹnu tèmi ló lẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò mu nǹkan kan.